Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó tutù láàárọ̀, tó pọ́n lọ́sàn-án: ẹ má tíì fọwọ́ kan bọ́nà

Ìbéèrè yìí wá láti ọwọ́ ẹnì kan tó ń dúró ti dráyà ní ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ó kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Flash dryer ni mo ń lò, díísẹ̀lì la fi ń dá a. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí kò kan la ń ṣe fún àwọn oníbúrẹ́dì. Láàárọ̀, ìyẹ̀fun wa máa ń tutù lọ́wọ́. Tó bá di ọ̀sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ á sì wà nínú rẹ̀. Oníbàárà kan ti dá 40 àpò padà, ó ní omi inú rẹ̀ jẹ́ 14%, òun ò sì lè gbà ju 12% lọ. Ìyá tó ni ilé iṣẹ́ ní kí n fi kún iná. Mẹkáníìkì ní búlówà tó ń fẹ́ atẹ́gùn ló kéré, ká ra ńlá. Owó díísẹ̀lì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè tán. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?"

Ẹ kú iṣẹ́ ooru o. Ohun tó ń dà yín láàmú, bí mo ṣe kà á, ni pé dráyà kan ṣoṣo ń fi ìyẹ̀fun sílẹ̀ ní tútù, ó sì tún ń jó o, lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá tútù àti jíjó nínú àpò kan ṣoṣo pàápàá. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi rò pé iná kéré, tí mẹkáníìkì sì rò pé afẹ́fẹ́ kéré. Èmi ò ní bá yín dá èyíkéyìí nínú wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣe ohun tí wọ́n wí. Bí ẹ bá fi kún iná báyìí, ti ọ̀sán á burú sí i, ti àárọ̀ á sì kàn gbẹ lẹ́yìn láìgbẹ nínú. Ìdí jáàkì tí ẹ fi ń fún ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ẹnu fídà tó ń bọ́ ẹ̀gẹ́ sínú dráyà, kí ẹ tó padà wá sídìí bọ́nà tó ń dá iná.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ojú agbada gàrí wo flash dryer: tó bá tutù, ki igi sí i. Ẹni tó ń yan gàrí lè rò ó títí tó fi gbẹ, ẹ̀rọ tiyín ò fún ẹnikẹ́ni láyè bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni ẹ̀gẹ́ ń lò nínú páìpù kó tó balẹ̀ sínú cyclone, agolo ńlá tó ń ya ìyẹ̀fun kúrò lára atẹ́gùn. Atẹ́gùn tó gbóná tó 150 sí 200 dígírì ló ń gbé e sáré lọ, bíi mítà 15 sí 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí kò jẹ́ kó jóná nínú atẹ́gùn tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ni omi ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó làágùn ṣe ń tutù nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi tó ń fò kúrò lára ẹ̀gẹ́ ṣe ń mú un tutù. Ìgbà tí omi yẹn bá tán ni ìgbóná atẹ́gùn tó ráyè wọ ara rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó kéré tó sì fẹ́lẹ́ á gbẹ kíákíá, bó bá lẹ̀ mọ́ ibìkan á jóná. Èyí tó tóbi á jáde pẹ̀lú omi nínú.

Ẹ̀rọ yín yẹ kó ní géèjì ìgbóná méjì, ọ̀kan níwájú, níbi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń wọlé, èkejì lẹ́yìn, níbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Ti iwájú ni gbogbo ènìyàn ń wò nítorí pé òun ni nọ́ńbà rẹ̀ tóbi. Ti ẹ̀yìn ni kí ẹ̀yin máa wò. Ti iwájú kò sọ ju ohun tí ẹ fi sínú ẹ̀rọ lọ. Ti ẹ̀yìn ló ń sọ ohun tó kù lẹ́yìn tí omi ti gba tirẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, nígbà tí ìyẹ̀fun bá ń jáde dáadáa, géèjì ẹ̀yìn máa ń wà láàárín 60 sí 80 dígírì. Bó bá wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, omi ti pọ̀ jù fún ooru. Bó bá gòkè kọjá ibẹ̀, omi ti kéré jù, ìyẹ̀fun sì fẹ́ pọ́n. Ẹ fi bọ́nà sílẹ̀ lójú kan, kí ó jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń bọ́ ẹ̀gẹ́ sí i ni ẹ ó máa fi mú géèjì ẹ̀yìn dúró.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sídìí jáàkì, nítorí ibẹ̀ lowó yín ń gbà lọ. Ẹ̀gẹ́ tútù ní omi tó 60 sí 70% nínú. Ká sọ pé àpò méjì, kílò 100 ìyẹ̀fun tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 10% lẹ fẹ́ ṣe. Kílò 90 ni ojúlówó ẹ̀gẹ́ gbígbẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ̀gẹ́ fífún tí ẹ ń bọ́ sínú dráyà bá ṣì ní omi 50%, kílò 180 rẹ̀ lẹ ó bọ́ sí i, dráyà á sì ní láti lé kílò 80 omi jáde. Bí jáàkì bá fún un dé 40%, kílò 150 á tó, omi tí dráyà máa lé ò sì ní ju kílò 50 lọ. Láti 50 sí 40 kò jọ nǹkan kan lẹ́nu, àmọ́ kílò 80 àti kílò 50 kì í ṣe ẹgbẹ́. Kílò omi kan ń gba agbára bíi 2.4 megajoule kó tó di oru. Lítà díísẹ̀lì kan ní bíi 36 nínú. Ká ní ìdajì ooru bọ́nà ló ń dé ara omi, tí ìdajì yòókù ń bá èéfín àti ara irin lọ, kílò 80 omi á mu lítà 10.7, kílò 50 á mu lítà 6.7. Lítà mẹ́rin nìyẹn lórí kílò 100, 40 lítà lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹ ń fi díísẹ̀lì gbẹ omi tí apá àti jáàkì ìbá ti fún dànù.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà nídìí jáàkì, ẹ wọ̀n ọ́n ná. Ẹ bu gíráàmù 100 láti àárín àpò tí wọ́n ní àwọn ti fún tán, kì í ṣe láti etí rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú àwo irin, ẹ gbé e sínú ófìnnì ní 105 dígírì, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bí gíráàmù 55 bá kù, omi inú rẹ̀ jẹ́ 45%. Lójú iṣẹ́, níbi tí kò sí àyè ófìnnì, ẹ bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ fún un. Bí omi bá yọ láàárín ìka, kò tíì yá. Èyí tó yá á dì mọ́ra bí ẹ bá fún un, á sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í.

Bí ẹ bá rí i pé àárín àpò tutù ju etí lọ, àpò ti kún jù. Ẹ dín ohun tó ń wọ inú rẹ̀ kù kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì fi pákó sáàárín àpò sí àpò kí omi rí ọ̀nà jáde. Àwọn ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń fi gbogbo agbára fa jáàkì lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè tètè sinmi. Èyí á mú kí ẹ̀gẹ́ tó wà lára àpò dì pa, kó sì di ọ̀nà mọ́ omi tó wà láàárín. Ó dára kí wọ́n fà á díẹ̀, kí wọ́n dúró kí omi dín, kí wọ́n tún fà á. Àpò tí wọn ò fọ̀ lálaalẹ́ náà ń dí, nítorí sitáàṣì ń gbẹ sí ojú rẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀rọ tí ẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bí eyín páànù rẹ̀ bá ti kú, ẹ̀gẹ́ rírin á rí ṣákiṣàki, omi á sì há sínú èyí tí kò fọ́. Kò sí jáàkì tó lè fún irú èyí dé 40%. Páànù tuntun kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ń rà ní díísẹ̀lì.

Ẹ̀gẹ́ tó ti jábọ́ láti inú àpò bí òkúta kò gbọ́dọ̀ lọ tààrà sínú fídà. Ẹ tún un rin, kí ẹ sì jọ̀ ọ́, kí kóró inú rẹ̀ má ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Ibí ni àlọ́ yín ti já. Ẹ lọ sábẹ́ cyclone lọ́sàn-án ọ̀la, ẹ ṣa kóró kan tó tóbi bí ẹ̀wà nínú ìyẹ̀fun tó ń jáde, ẹ fi èékánná là á sí méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ á le, á máa dán, á ní àwọ̀ gàrí tó jó díẹ̀. Inú rẹ̀ á funfun, á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ èékánná. Sitáàṣì ẹ̀gẹ́ tó bá ṣì tutù máa ń jinná láàárín nǹkan bíi 60 sí 70 dígírì, bí ìgbà tí omi gbígbóná bá bá ògì. Ẹ̀yìn kóró yẹn ti jinná, ó sì ti gbẹ di èèpo, ó wá ti omi mọ́ inú. Ẹ ó wá lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn dráyà; èèpo tó pọ́n á di àwọ̀ ìyẹ̀fun, omi inú rẹ̀ á sì tàn ká gbogbo àpò. Bí àpò ṣe ń pọ́n tó sì ń ka 14 nìyẹn. Iná tí ẹ bá fi kún un, ṣe ló máa mú kí èèpo yẹn tètè le sí i.

Ní ti ìyàtọ̀ àárọ̀ sí ọ̀sán, ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Láàárọ̀, irin dráyà fúnra rẹ̀ tutù, òun ló máa kọ́kọ́ mu ooru. Àwọn ènìyàn ò sì ní sùúrù, wọ́n á ti máa bọ́ ẹ̀gẹ́ nígbà tí géèjì iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ sì ni èyí tí wọ́n fi ìkánjú fún. Tó bá di ọ̀sán, jáàkì ò lè bá dráyà sáré mọ́. Fídà á dúró, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lófìfo. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, géèjì ẹ̀yìn á fò láti 70 kọjá 100. Ìyẹ̀fun tín-ín-rín tó lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í yan. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á sáré da ṣọ́bìrì ńlá mẹ́ta sí i láti fi dípò àkókò tó lọ, géèjì ẹ̀yìn á já sí 50, tútù á tún dé. Ọwọ́ tó mú ṣọ́bìrì ló ń darí dráyà yín.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ó kàn gba ìfaradà. Ẹ má tan bọ́nà títí ẹ ó fi ní ẹ̀gẹ́ fífún, tí ẹ ti jọ̀, tó máa tó dráyà jẹ fún wákàtí kan ó kéré tán. Ẹ má sì kó o jọ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ìyẹ̀fun tí kò kan gbọ́dọ̀ ti gbẹ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n fa ẹ̀gẹ́ náà nílẹ̀. Èyí tó bá sùn mọ́jú lẹ́yìn rírin ti fẹ́ di láfún. Bí fídà yín bá ní ibi tí wọ́n ti ń yí iyára rẹ̀, ẹ máa lò ó. Bí kò bá ní, ẹ pa ṣọ́bìrì tì, ẹ fi abọ́ kan náà máa bu, ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan náà, kí ẹni kan ṣoṣo máa wo aago. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná lófìfo títí géèjì ẹ̀yìn á fi ga ju nọ́ńbà iṣẹ́ yín lọ ní bíi 10 dígírì, kí ẹ tó bọ́ àkọ́kọ́, nítorí yóò já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ bá wọlé.

Kí ẹ lè mọ nọ́ńbà iṣẹ́ tiyín, ẹ má gba ti ẹnikẹ́ni, títí kan èyí tí mo kọ sókè yìí, nítorí gígùn páìpù àti ibi tí wọ́n kan géèjì mọ́ kò dọ́gba láti ọwọ́ wẹ́dà kan sí òmíràn. Ẹ fi ọjọ́ méjì kọ géèjì ẹ̀yìn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sì bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sínú ọ̀rá ní àkókò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ aago sí i lára. Ẹ wọn omi inú gbogbo rẹ̀. Ẹ ó rí ìgbóná tó ń fún yín ní 10 tàbí 11%. Ibẹ̀ ni ilé yín. Ní àsìkò òjò, tí atẹ́gùn Àkúrẹ́ kún fún omi láàárọ̀, ẹ ó ní láti gbé e sókè ní dígírì díẹ̀ ju ti ọyẹ́ lọ. Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Àmọ́ kí ẹ tó gba géèjì gbọ́, ẹ dán an wò. Ẹ se omi kó hó, ẹ ti ẹnu géèjì bọ̀ ọ́. Àkúrẹ́ ga ju ojú òkun lọ ní bíi mítà 350, nítorí náà omi ibẹ̀ ń hó ní bíi 99 dígírì. Bí géèjì bá ka 90, ẹ ti ń fi irọ́ ṣiṣẹ́. Ìyẹ̀fun tó dì mọ́ ẹnu rẹ̀ náà máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ nù ún lójoojúmọ́.

Ti nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ ṣa díẹ̀ sórí bébà funfun, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí ẹ fà á. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àwọ̀ pupa rúsúrúsú, tó ń run bí búrẹ́dì tó jóná, ìyẹ̀fun tó yan sára páìpù ló ń já bọ́. Ohun tí mo ti sọ nípa fídà á wò ó sàn, pẹ̀lú kí ẹ máa ṣí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ páìpù kí ẹ ha á nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tutù. Bó bá jẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́, ẹ ó ti rí i kó tó wọ dráyà, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá fà gbọọrọ dúdú lórí bébà bí ìdí ìkòkò, tó ń run díísẹ̀lì, èéfín ti ń wọ inú oúnjẹ. Ó túmọ̀ sí pé páìpù tó ya iná bọ́nà sọ́tọ̀ kúrò lára atẹ́gùn mímọ́ ti là tàbí ti lu. Ẹ tan ẹ̀rọ lófìfo, kí ẹ ta aṣọ funfun tó ti rin fún omi sí ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde lẹ́yìn, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá dúdú, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ má sì ṣe ìyẹ̀fun kankan fún jíjẹ títí wọ́n á fi tú u. Wẹ́dà tó bá tú u nìkan ló lè sọ bóyá ojú kan ni kó jó tàbí kí ẹ pààrọ̀ gbogbo páìpù.

Ohun tó sábà máa ń là á ni bí ẹ ṣe ń pa ẹ̀rọ. Bọ́nà kú, búlówà náà kú lẹ́sẹ̀ kan náà, irin tó gbóná pọ́n kò rí atẹ́gùn tó máa mú un tutù, á wọ́. Ní pípa tó dára, ẹ dá fídà dúró, ẹ pa bọ́nà, kí ẹ jẹ́ kí búlówà máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 títí géèjì iwájú á fi wá sábẹ́ 60. Ní títàn, búlówà ló ń kọ́kọ́ dìde, bọ́nà ló tẹ̀lé e. Iná ìjọba tó ń lọ láìdágbére ni ọ̀tá irin yìí. Bí ẹ bá ní agbára rẹ̀, ẹ máa fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ dráyà tààrà lọ́jọ́ tí iná ò bá dúró sójú kan. Ohun kan ṣoṣo ló yí òfin búlówà yìí padà: bí iná bá ti ń jó nínú páìpù tàbí nínú cyclone. Nígbà yẹn, ẹ pa fídà, bọ́nà àti búlówà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí atẹ́gùn ló ń bọ́ iná. Ẹ má sáré ṣí ilẹ̀kùn kankan. Ìyẹ̀fun tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ lè bú gbàù, nítorí náà kò sí fífi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ilẹ̀ tàbí jíjó irin nígbà tí eruku ìyẹ̀fun wà káàkiri. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ún.

Ó yá, ti mẹkáníìkì. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé afẹ́fẹ́ yín kéré, kó má sì jẹ́ pé búlówà ló kéré. Ẹ fi igi kan páìpù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ibi tó bá dún gbọ́ún ṣófo, ibi tó bá dún gbì ní ẹ̀gẹ́ tútù tó ti jókòó síbẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ bẹ́líìtì láàárín. Bí àlàfo pulé sí pulé bá jẹ́ mítà kan, kó má rì ju bíi mìlímítà 16 lọ. Bí ọ̀kan bá ti já lára mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ pààrọ̀, torí tuntun kan láàárín ògbólógbòó méjì ni yóò máa ru gbogbo ẹrù. Lẹ́yìn náà ẹ wo ibi tí búlówà ń yí sí. Èyí ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: búlówà oníkùn bí ìgbín tó bá ń yí sẹ́yìn kì í fa atẹ́gùn padà, ẹnu kan náà ló ń gbà jáde, ó kàn máa rọ̀ gan-an ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tún wáyà so tàbí tí wọ́n bá bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ tí ètò wáyà mẹ́ta rẹ̀ yàtọ̀ sí ti iná ìjọba. Bí ọfà tó wà lára búlówà bá kọjú sí ọ̀tún tí ó ń yí sí òsì, kí réwáyà pa iná pátápátá, kó pààrọ̀ ààyè wáyà méjì nínú mẹ́ta, ó parí. Ẹ tún wo rọ́bà tó wà létí abẹ airlock, ẹ̀rọ tó ń yí lábẹ́ cyclone kí ìyẹ̀fun lè bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Bó bá ti jẹ, atẹ́gùn á máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, ìyẹ̀fun tó dára jù á sì máa gba òkè fò lọ sórí òrùlé; bí òrùlé yín bá funfun, ẹ ti mọ̀. Bí gbogbo èyí bá dára tí kọ̀rọ̀ páìpù ṣì ń dí pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tí ẹ fún dé 45% sísàlẹ̀, ẹ lè wá sọ̀rọ̀ búlówà ńlá. Mo ṣì máa ní kí ẹ kọ́kọ́ ra jáàkì kejì, torí òun ló ń dín díísẹ̀lì kù. Búlówà ńlá ń fi kún un.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi ẹ̀sán ẹyìn tàbí igi dípò díísẹ̀lì. Ó dín owó kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbóná rẹ̀ kì í dúró lójú kan, kò sì ṣeé pa lójijì nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tí fídà rẹ̀ kò tíì tò, kó má dé ibẹ̀.

Ní ti 40 àpò tó padà wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí oníbàárà ṣe wọn 14 yẹn. Ẹ̀rọ ìwọnmi tí wọ́n ṣe fún àgbàdo kò mọ ìyẹ̀fun. Ìṣirò náà sì lè yàtọ̀: gíráàmù 50 tó gbẹ di 44 ti pàdánù 6, bí ẹ bá fi 50 pín in, 12% ni, bí ẹnì kan bá fi 44 pín in, 13.6 ló máa kà. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ jíjẹ gbà tó 13%, ṣùgbọ́n bí àdéhùn yín bá jẹ́ 12, òun ló ni ẹ̀tọ́. Ẹ gbé àpò kan lọ sí ilé àyẹ̀wò, bíi ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n tún wo cyanide, májèlé inú ẹ̀gẹ́, kó má ju mílígíráàmù 10 nínú kílò kan, torí géèjì ò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Bí ìyẹ̀fun náà kò bá hu, tí kò kan, tí kò sì ní dúdú èéfín, ẹ lè dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ fífún tuntun: kílò 1 rẹ̀ sí kílò 4 ẹ̀gẹ́ tó ní omi 48% á mú àpapọ̀ wá sí bíi 41%, kò sì ní dì bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó pọ́n nìkan, tí kò ní èéfín, àwọn tó ń ṣe púláwùdù lè rà á fún gọ́ọ̀mù ní iye tó wálẹ̀. Èyí tó bá ní èéfín, ẹ má fún ẹran pàápàá jẹ.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń di àpò bóyá ìyẹ̀fun ń tutù kí wọ́n tó rán ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá dì í nígbà tó ṣì ń gbóná, á làágùn sínú ọ̀rá, omi á sì kán padà sí òkè àpò. Ẹ ki ọwọ́ sí àárín rẹ̀: bó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ara yín lọ, kò tíì tó dì. Ẹ gbé àpò sórí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri, torí ìyẹ̀fun tó kúrò lọ́wọ́ yín ní 11 lè di 13 lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì láàárín oṣù òjò kan, láìjẹ́ pé dráyà ṣẹ̀ rárá.